Búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n olówó gọbọi: irun là ń rà àbí orúkọ?

ỌmọMákùn (Ṣàgámù)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló wà níwájú mi, n kò sì mọ èyí tí màá mú. Àkọ́kọ́ jẹ́ irun ike, ìdì irun rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 24, dọ́là 15. Èkejì, irun ẹlẹ́dẹ̀ láti Ítálì, dọ́là 14. Ẹ̀kẹta, irun badger (ẹranko igbó kan), irú èyí tí wọ́n ń pè ní two-band, dọ́là 180. Irùngbọ̀n tó ká kókó ni o, tó máa ń yọ bọ́ǹpù lábẹ́ àgbọ̀n. Réésà alábẹ kan àti ọṣẹ inú agolo ni mo ń lò. Kí ni dọ́là 165 tó wà láàárín yẹn fẹ́ ṣe lójú èèyàn? Ojúde Ọba ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí n fi owó aṣọ ẹgbẹ́ ra irun ẹranko.

AbẹÒde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Jẹ́ ká tú u palẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe: ó ń gba omi sára, ó ń po omi yẹn mọ́ ọṣẹ títí á fi hó tó sì ki, ó sì ń gbé irun dìde kúrò lára awọ kí abẹ tó débẹ̀. Ike dọ́là 15 ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Búrọ́ọ̀ṣì kì í gé irun kankan, iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Ibo wá ni owó ń lọ? Ìdì irun ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́. Irun badger, tó jẹ́ pé Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á: gígùn sọ́tọ̀, kúkúrú sọ́tọ̀, àwọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi sísọ́ọ̀sì kan orí irun. Inú ife kékeré kan ló ti ń tò ó, orí irun sísàlẹ̀, kí ìdì náà lè yọrí róbótó bíi gílóòbù iná, á wá so ìdí rẹ̀ pọ̀, á fi gọ́ọ̀mù dì í. Ìdí nìyẹn tí orí irun fi tínrín bó ṣe wà lára ẹranko. Èyí tó pọ̀ lọ́jà, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e róbótó, orí irun wá kù gbọ̀ngbọ̀n bí ẹnu ọwọ̀ tí wọ́n gé. Rin ín kó o fi orí rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ. Tó bá ń gún ọ, wọ́n ti gé e, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí.

Ọ̀rọ̀ ara páálí gan-an, fi sùúrù kà á. "Pure", "best", "super", "silvertip", kò sí aláṣẹ kankan tó ń wọ̀n wọ́n. "Super" tí ẹnì kan ń tà lè jẹ́ "best" lọ́wọ́ ẹlòmíì. Àwọn kan tún máa ń fi kẹ́míkà bó orí irun kó lè funfun, irú irun bẹ́ẹ̀ sì máa ń tètè dá.

Nọ́ńbà méjì ni kó o bi ẹni tó ń tà á: báwo ni ìdì irun ṣe fẹ̀ tó nídìí, báwo ló sì ṣe ga tó láti ẹnu èèkù dé orí. Ìdì mìlímítà 24 tó ga ní 50 tàbí 52 máa ń dúró, á sì tún rọ̀. Fi ìdì yẹn kan náà sí 60, á máa wó kiri lójú bí ewé gbágùúdá tí oòrùn pa. Fi í sí 44, á le bíi búrọ́ọ̀ṣì bàtà. Irun kan náà, owó kan náà o. Nítorí náà owó nìkan kò lè sọ bó ṣe máa rí lójú rẹ.

IrùngbọnFunfun (Ìpẹru)

Ẹ̀gbọ́n AbẹÒde, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ ti fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọn gbogbo ọjà.

Irun badger tó ní àwọ̀ mẹ́ta, ìdí rẹ̀ ràkọ̀ràkọ̀, àárín dúdú, orí funfun. Two-band jẹ́ dúdú àti funfun nìkan. Igi irun rẹ̀ sábà máa ń nípọn ju tàwọn yòókù lọ, orí rẹ̀ sì rọ̀. Ohun tí èyí ń ṣe ni pé ìdì irun dúró gbọingbọin nígbà tí o bá ń yí i lójú, síbẹ̀ kò gún ọ. Irun ẹlẹ́dẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le títí á fi yá. Ọ̀pọ̀ ike rọ̀, àmọ́ ó máa ń ta padà bíi sípíríǹgì.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Irun ẹranko máa ń mu omi sínú ara rẹ̀, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á sì pẹ́ nínú ẹ̀. Ike kì í mu omi. Àárín irun ni omi rẹ̀ dúró sí, lẹ́ẹ̀kan náà ló sì ń já a sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ̀n ọ́n dáadáa, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ni ọṣẹ máa kọ́kọ́ fá.

Ẹni tó bá fẹ́ fárùngbọ̀n kó sì jáde, ike tó o. Ẹni tó ń fi í ṣe fàájì ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ilé iṣẹ́ Simpson ti wà láti 1919, Mühle ní Jámánì láti 1945, iṣẹ́ ọwọ́ lèèyàn ń san owó fún níbẹ̀. Badger tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè pé ọdún 15. Ẹ pín 180 sí 15. Dọ́là 12 lọ́dún nìyẹn.

AbẹÒde

Ike dọ́là 15 tó bá lo ọdún márùn-ún, dọ́là 3 lọ́dún. Ẹ má fi ìṣirò halẹ̀ mọ́ Ìjẹ̀bú.

Àlàájì_Ìmùṣin

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ wa má fò ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yìí kọjá. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ̀ pé irun ẹlẹ́dẹ̀ ni "bristle" tàbí "boar" tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ má fi ojú wò ó lásán, torí wọ́n máa ń pa irun ẹlẹ́dẹ̀ láró, wọ́n á fi ìlà dúdú sí i láàárín kó lè jọ badger. Orí irun lẹ máa wò: ti ẹlẹ́dẹ̀ máa ń là sí méjì tàbí mẹ́ta bí okùn tó tú lẹ́nu, ti badger dá ṣáká, ó tínrín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn kó lọ bá áfáà rẹ̀. Ẹni tó bá ra ike tàbí irun ẹṣin ti bọ́ nínú àríyànjiyàn ẹlẹ́dẹ̀. Irun ẹṣin kì í wọ́n, líle rẹ̀ sì wà láàárín ti ẹlẹ́dẹ̀ àti ti badger.

ÌyáỌlọ́ṣẹ (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹ̀yin ọkùnrin, búrọ́ọ̀ṣì lẹ ń jà sí, ẹ gbàgbé ọṣẹ. Búrọ́ọ̀ṣì dọ́là 300 kò lè mú kí ọṣẹ tí kò dára hó.

Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n yàtọ̀ sí ọṣẹ ìwẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ìhó rẹ̀ ki bíi wàrà, tí kì í fọ́ kí abẹ tó débẹ̀, ni stearic acid, èyí tó pọ̀ nínú òrí. Eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú máa ń mú ọṣẹ rọ̀, ó sì ń jẹ́ kó tètè hó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfárùngbọ̀n fi ń lo potash, irú èyí tó wà nínú eérú, pọ̀ mọ́ sódà. Ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú tí àdín pọ̀ nínú rẹ̀ jù, ìhó ńláńlá ló ń yọ, kíá ló ń fọ́, ó sì ń gbẹ awọ. Ẹ má fi ṣe ọṣẹ abẹ ní òun nìkan. Ẹni tí kò bá rí òmíràn, kó fi gilisẹríìnì ìdajì síbí tíì po ìwọ̀n ọṣẹ dúdú tó tó èso ẹ̀pà méjì, á pẹ́ lójú díẹ̀ sí i.

Ẹ tún wo omi yín. Ibi tí omi bá gba inú òkúta ẹfun kọjá, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ṣàgámù fún sìmẹ́ǹtì, ọṣẹ máa ń di ẹ̀tù funfun nínú irú omi bẹ́ẹ̀ dípò kó hó. Ẹ bu omi kànga sínú ìgò kan, omi òjò sínú ìkejì, ẹ ha ọṣẹ kan náà sí wọn, ẹ mì wọ́n. Tí ti kànga bá dà bí omi ògì, tí kò hó, ẹ fi omi òjò fárùngbọ̀n. Owó búrọ́ọ̀ṣì tuntun ti kù sápò nìyẹn.

ỌmọMákùn

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ̀gbọ́n AbẹÒde, bọ́ǹpù ńkọ́? Mo gbọ́ pé búrọ́ọ̀ṣì tó bá le ló dára torí ó máa ń hú irun tó wọnú awọ jáde.

AbẹÒde

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ fẹ́ ba ọrùn rẹ jẹ́. Irun tó ká, tí abẹ bá gé e jìn jù, orí rẹ̀ tó mú á yí padà wọnú awọ, ibẹ̀ á wú. Búrọ́ọ̀ṣì tó le, tí o bá fi ń ha ibi tó ti wú, ṣe lò ń bó awọ kí abẹ tó dé. Orí irun tó rọ̀ ló yẹ ọ́, ọwọ́ fúyẹ́fúyẹ́. Bí o ṣe máa ṣe é nìyí:

Fi aṣọ ìnujú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bo irùngbọ̀n fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ike kò nílò rírẹ, kàn rin ín lábẹ́ ẹ̀rọ omi kó o gbọ̀n ọ́n nígbà mẹ́ta. Badger, ìṣẹ́jú kan. Ẹlẹ́dẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, irun nìkan o, má ri èèkù rẹ̀ sómi. Yí orí búrọ́ọ̀ṣì lórí ọṣẹ inú agolo fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, títí ohun tó wà lórí rẹ̀ á fi dà bí òrí tó ń yọ́, tí kò sí ìhó ńlá kankan nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìpara ni, ìwọ̀n èso ẹ̀pà kan tó.

Lójú, yí i róbótó fún ìdajì ìṣẹ́jú kó lè gbé irun dìde. Tí o bá dé ibi tí bọ́ǹpù wà, má yí i mọ́. Fi kùn ún lọ kùn ún bọ̀, bí ẹni ń kun ilé. Ìka kan tí a rì bọ omi, kán an sórí búrọ́ọ̀ṣì, tún kùn ún. Ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìhó tó dára máa ń dán, kì í sì í ṣàn. Tó bá gbẹ tó ń dúró ṣónṣó bí iyán, omi kò tó. Tó bá ń kán, tí o ń rí awọ láàárín ìhó, omi ti pọ̀ jù, padà sórí ọṣẹ. Jẹ́ kó wà lójú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó o tó gbé abẹ.

Ọ̀nà tí irun ń hù sí ni kó o fá a sí. Má na awọ, má tẹ réésà, ìgbà kan péré, má padà fá a lódì. Fi omi tútù ṣàn án. Bó bá ṣì ń wú lẹ́yìn gbogbo èyí, fi kílípà gé e kù bíi mìlímítà kan, kó o fi abẹ sílẹ̀. Èyí tó bá ń ṣọyún, ilé ìwòsàn ni.

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, kò sí ibì kan tí dọ́là 180 ti ṣe ohun tí ike tó rọ̀ kò lè ṣe.

IrùngbọnFunfun

Mo gbà fún yín lórí bọ́ǹpù. Màá tiẹ̀ fi kún un pé two-band tó bá nípọn jù, tí wọ́n rì sísàlẹ̀ nínú èèkù, lè le ju ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ó tún máa ń jẹ ọṣẹ. Ìdì mìlímítà 28 á gbé ọṣẹ mì sínú ikùn, èyí tó máa dé ojú kò ní pọ̀. Fún ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì pò ó lójú tààrà, 22 sí 24 ti tó. Inú abọ́ ni wọ́n ti ń fi èyí tó ńlá po ọṣẹ.

Àmọ́ ẹ má purọ́ fọ́mọ náà pé gbogbo ike ló dọ́gba. Ike àtijọ́ tó dà bí okùn ìpẹja kò rọ̀ rárá, ó ṣì wà lórí igbá. Ti ìsinsìnyí, irun rẹ̀ rí kíríkírí díẹ̀, orí rẹ̀ tín-ín-rín.

ÌlẹkẹÒrùlé (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Irun tó ń já ńkọ́? Ẹlòmíì á ra olówó ńlá, á máa rí irun mẹ́rin, márùn-ún nínú ọṣẹ, á ní wọ́n gbá òun.

AbẹÒde

Gbé irun tó já yẹn sórí aṣọ funfun kó o wọ̀n ọ́n. Bó bá gùn tó gbogbo ìdì irun, láti ìdí dé orí, gọ́ọ̀mù ni kò mú un. Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, ó ṣeé fojú fò, àwọn tí kò wọ inú gọ́ọ̀mù ló ń jáde. Bó bá ju oṣù kan lọ tó ṣì ń jábọ́, dá a padà fún ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n bó bá kúrú, tó dá láàárín, ọwọ́ rẹ ni. Ò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí irun á fi tẹ́ bẹẹrẹ. Ìdajì irun ló yẹ kó tẹ̀, kò yẹ kó kan ìdí. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ tó ń lọ̀ ọ́ mọ́ ọṣẹ tó le, àárín ìdì á ṣí sílẹ̀ bí ihò inú dónọ́ọ̀tì, kì í sì í padà.

Aláfárí_Òkè-Ajé

Fún ẹ̀yin tó ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kan fá ojú èèyàn mẹ́wàá. Láàárín 1915 sí 1924, àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì kó anthrax, àrùn ẹran ọ̀sìn tó lè pa èèyàn, láti ara búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n, sójà wà nínú wọn. Ogun ti da òwò irun rú, irun ẹṣin láti Éṣíà tí wọn kò pa kòkòrò ara rẹ̀ ń wọlé, wọ́n sì ń ṣe é kó lè jọ badger. Ìyẹn ti di ìtàn, àmọ́ làpálàpá irùngbọ̀n àti eéwo ṣì ń gba ara búrọ́ọ̀ṣì kọjá lónìí. Ẹni tí kò bá ní ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó fi ọwọ́ tó mọ́ pa ọṣẹ lé e lójú.

ÌlẹkẹÒrùlé

Ìtọ́jú náà ṣe kókó, pàápàá lásìkò òjò tí aṣọ kì í gbẹ. Ẹ fọ ọṣẹ kúrò títí omi á fi mọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún lọ nù ún bọ̀, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ó lè dúró, ó lè dorí kodò, kò sí ìyàtọ̀ tó bá ti rí atẹ́gùn. Má fi sínú báàgì tàbí ike ọlọ́mọrí nígbà tó bá ṣì tutù, òórùn máa wọ̀ ọ́. Badger lè lo ọjọ́ kan sí méjì kí ìdí rẹ̀ tó gbẹ. Ike sábà máa ń gbẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Níbi tá à ń gbé yìí, ìyẹn nìkan tó ìdí láti ra ike.

Tí ìdí irun bá le tó sì ní ẹ̀tù funfun, ẹ po fínígà funfun síbí kan mọ́ omi wọ́ọ́rọ́wọ́ síbí mẹ́wàá, ẹ rẹ irun nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ṣàn án dáadáa. Omi gbígbóná tó ń hó kò gbọ́dọ̀ kàn án láéláé: á ká irun ike, á jẹ́ kí irun ẹranko máa dá, á sì tú gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀.

Agbẹ́gilére_J4

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ èèkù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fi owó ṣeré. Èèkù kò ṣe nǹkan kan fún ọṣẹ. Ìdì irun ike mìlímítà 24 ní òun nìkan kò ju nǹkan bíi dọ́là 10 lọ. Ẹni tó ń yí igi á bá ọ ṣe èèkù rẹ̀ láti ara àjákù ìrókò tàbí apá. Má lo arère, ó fúyẹ́ jù, omi á tètè wọ̀ ọ́.

Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọyẹ́ á là á. Wọn ìdì irun láti ìdí dé orí. Bó bá jẹ́ mìlímítà 65, gbẹ́ ihò tó jìn ní 13, 52 á kù lókè. Ihò náà kó fẹ̀ ju ìdí irun lọ pẹ̀lú mìlímítà kan. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti dì nínú ìdì gbọ́dọ̀ wọlé tán, tó bá yọ síta, á máa kan ọ́ lójú bí òkúta. Kí o tó lẹ̀ ẹ́, fi ìwé dì í sínú ihò, kó o fi po ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá rọ̀ jù, jin ihò sí i ní mìlímítà méjì. Èyí ni ohun tí olówó dọ́là 180 kò lè ṣe: ó ti lẹ̀ tán.

Epoxy (gọ́ọ̀mù onípá méjì tí a ń pò pọ̀) tó ń gbẹ fún wákàtí 24 ni kó o lò, tó lágbára ju ti ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Pò ó déédéé, kọ́kọ́ fi kun ara ihò yíká kí omi má ráyè wọ igi, lẹ́yìn náà fi ìwọ̀nba sísàlẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, á gun inú irun lọ, o ti ba ìdì jẹ́ nìyẹn. Fún òde, sáńpépà 240, 400, 600, lẹ́yìn náà fáníìṣì fẹ́ẹ́rẹ́ ìgbà mẹ́rin, ọjọ́ kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má gbàgbé abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ lomi ń dúró sí lórí básíìnì.

IrùngbọnFunfun

Ẹ ti pa ọjà mọ́ wa lọ́wọ́, Agbẹ́gilére.

ỌmọMákùn

Ike ni mo mú, mìlímítà 24, gíga 52. Ìbéèrè kan ló kù: ọṣẹ hó dáadáa nínú agolo, ṣùgbọ́n kí n tó fi dé ọrùn, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti gbẹ, ó dà bí ẹ̀kọ tó sùn.

ÌyáỌlọ́ṣẹ

Omi. Ìdajì síbí tíì sí i, kán an díẹ̀díẹ̀. Bó o ṣe ń gbọ̀n ike yẹn tó, omi tí ọṣẹ nílò lò ń gbọ̀n dànù: gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta tí AbẹÒde wí, kó o wá wò ó lọ́la.